Ife Mẹ́ta Tí Sagbo Fẹ́ Dà Nù

Ní Ìwòrò, ahọ́n Sagbo ni ọtí tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn. Apẹja ni, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ lókìkí ju àwọ̀n rẹ̀ lọ. Bí ọtí bá dáa, yóò mu ún tán, yóò sì da ojú ife dé sórí bẹ́ǹṣì. Bí kò bá dáa, yóò da ìyókù sórí iyanrìn lójú gbogbo ayé, ẹni tó gbé e wá yóò sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Àfi ìgbà tí Dúródọlá bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà ní Mówó. Ọmọ àná! Òdòdó kíkorò kan láti ìlú òyìnbó ló fi ń sè é, ó sì ń wá sí Ìwòrò láti ṣàlàyé òórùn àti ìkorò fún àwọn èèyàn lábẹ́ igi furúùtù, níbi tí Sagbo ń jókòó gan-an. Comfort, ìyàwó Sagbo, pàápàá ń tẹ́tí sí i. Ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Sagbo. Bí wọ́n bá gba ti ọmọ yìí, ta ni yóò tún máa bi òun léèrè nǹkan kan? Kí bíà náà tó dé ẹnu rẹ̀ ló ti pinnu pé dídà ni òun máa dà á.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, Dúródọlá to ife mẹ́ta síwájú Sagbo lábẹ́ igi náà, lójú gbogbo èèyàn. Ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó gbé ọtí wá ti í ṣe.

"Bàbá Favour, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò," ló wí fún Sagbo.

Èkínní fúyẹ́, ìkorò rẹ̀ kàn yọjú ni. "Omi lásán," ni Sagbo wí. Ó tún mu. Ìkejì ń ta sánsán bí èèpo ọsàn. "Lọ́fínńdà ni, ẹ fi para!" Ó tún mu. Ìkẹta korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀, àmọ́ adùn kan ń tẹ̀ lé e, Sagbo sì ń wá adùn yẹn kiri inú ife. "Àgbo ibà!" ló pariwo. Inú ń bí i pé òun kọ́ ló pọn ọ́n.

"Ó dáa, ẹ dà á nù ká rí i," ni Comfort wí.

Sagbo dìde, ó dojú ife kìíní kọlẹ̀. Ẹ̀kán kan kò já bọ́. Ó gbé ìkejì, ó gbọ̀n ọ́n. Iyanrìn gbẹ fúrúfúrú. Kò wulẹ̀ gbé ìkẹta. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani: ọ̀fun ara rẹ̀ ló tú u fó.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dúródọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dun Sagbo jù. Ó da ojú ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé sórí bẹ́ǹṣì.

"É nyọ́," ló fi Ègùn sọ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà yóò dín kù bí kò bá fi Yorùbá sọ pé ó dáa.

Ó wá sún díẹ̀ kí ọmọ náà lè ríbi jókòó. Díẹ̀ náà ni o.