Èdè Japan Nínú Ilé Bàbá Mi

Mo kórìíra ọkùnrin náà kí n tó jókòó síwájú rẹ̀, mi ò sì tíì rí ohun tó máa mú mi jáwọ́ dòní. Òun ló kọ́ mi ní èdè Japan. Ó ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún fún ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sí Kumasi, a ò sì mọ ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè náà, láti Tafo títí dé Sawaba.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Race Course tó ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù láti Japan. Ará Japan tó ń kó ọjà wá fún wọn fẹ́ẹ́ dé, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù sì ń wá ọmọbìnrin tó lè bá a sọ̀rọ̀. Tíṣà mi ni ọ̀gá náà gbẹ́kẹ̀ lé: ẹni tó bá ní ó mọ̀ ọ́n ni wọ́n máa gbà. Mo ti parí ìwé mẹ́wàá, kíkiri ọjà ìyá mi sì ti sú mi. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn bí nǹkan míì.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ilé tó ti ń kọ́ mi. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì kúrò ní Ghana, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ṣì wà. Bàbá mi kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Asante, pé kó bá òun mójú tó ilé, wọ́n sì forí lé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tá a fi padà dé, ọ̀rẹ́ ti kú, ọmọ rẹ̀ sì ní bàbá òun ra ilé náà ni. Wọn ò kọ ìwé kankan láàárín ara wọn. Ta ní ń bá ọ̀rẹ́ kọ̀wé? Bàbá mi fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó gba yàrá méjì sí Sawaba. Ọmọ ọ̀rẹ́ yẹn ni tíṣà mi.

Mo ní mi ò lọ. Bàbá mi ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lọ gba ohun tó wà lágbárí ẹ̀."

Mo lọ. Kò pe orúkọ mi rí. "Alatani" ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó fi Twi bú mi, ó ní nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana, àwọn èèyàn mi lé òun kúrò l'Ékòó bí ẹni lé ajá. Mo ní àwọn èèyàn tiẹ̀ ló kọ́kọ́ lé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ ìyẹn ní èdè Japan. Mi ò lè sọ ọ́.

Ilé kéwú nìkan ni ẹ̀kọ́ tí bàbá mi mọ̀. Níbẹ̀, bí ọmọ bá kà dé ibì kan, bàbá rẹ̀ á gbé adìyẹ lọ fún alfa, á sì ní kí ọmọ kà á kóun gbọ́. Nígbà tí ará Japan kù díẹ̀ kó dé, bàbá mi ra àkùkọ, ó ní ó yá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, ó ti gbé àkùkọ sábẹ́ abíyá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tó kọ́, ó sálámà, kò sì wọlé àfìgbà tí wọ́n ní kó wọlé.

Tíṣà gba àkùkọ. Ó wò mí, ó ní, "Kore wa dare no uchi desu ka?"

Ilé ta nìyí? Ó ti kọ́ mi ní ìbéèrè náà, mo sì mọ ohun tó ń retí.

Mo ní, "Chichi no uchi desu." Ilé bàbá mi ni.

"Daabi!" Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ka bio."

Mo tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó kọjú sí bàbá mi, ó ní mi ò tíì mọ nǹkan kan, pé òun ò lè fi mí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Bàbá mi ṣí fìlà. "Teacher, mepa wo kyɛw," ló ń wí, ó ń bẹ̀ ẹ́, nínú pálọ̀ ilé tóun fúnra rẹ̀ kọ́. Ló bá yíjú sí mi: "Haba! Kí ló dé tó o fẹ́ dójú tì mí? Ohun tó kọ́ ẹ gan-an ni kó o sọ, ọmọ mi."

Tíṣà gbẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó tún béèrè.

"Sensei no uchi desu," ni mo wí. Ilé tíṣà ni.

Ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá mi náà pàtẹ́wọ́, ó ń ké "Alhamdulillahi", ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá. Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà nìyẹn.

Nígbà tá a jáde, bàbá mi ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún òun.

Mo ní, "Ó bi mí pé ilé ta ni, mo sì ní ilé yín ni, Bàbá."

Ó dúró lójú títì, ó bojú wẹ̀yìn wo ilé náà.

"Ó sì gbà?"

"Ó gbà, Bàbá."