Ọ̀fun Tí Kò Gbé Òkèlè Mì

Àárọ̀ ọjọ́ tí ogun dé, mò ń to aṣọ síwájú ìsọ̀ wa ní Bùàké. Ọmọ ìlú Dásà ni èmi àti Ràímì ọkọ mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Kódífuà la ti ń tajà. Nígbà tí ìbọn dún lápá bárékè àwọn ṣọ́jà, a rò pé ìdánrawò ni. Kí oòrùn tó mú, kò sí ẹnikẹ́ni lójú títì mọ́.

Inú ìsọ̀ la sá sí, a ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Omi tán, ó ku gàárì díẹ̀, a sì ń jẹ ẹ́ ní gbígbẹ. Bí ìbọn bá ń dún, a ó rún un. Bí ó bá dákẹ́, a ó dẹ́kun, kí ẹni tó wà níta má baà gbọ́.

Gàárì wà lẹ́nu mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n fi ìdí ìbọn gbá ilẹ̀kùn. Ràímì tì mí sábẹ́ ìdì aṣọ. Ó ní, "Má mira." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n bi í pé ta ló tún wà nínú ilé, ó ní òun nìkan ni. Wọ́n mú un lọ. Gàárì náà wà lẹ́nu mi, n kò rún un, n kò gbé e mì. N kò rí Ràímì mọ́ láti ìgbà náà.

Àwọn ará ilé wa tó ń sá bọ̀ ló mú mi dé Dásà. Iṣu ti jáde nígbà yẹn. Ìyá mi ń gúnyán fún mi, ṣùgbọ́n bí òkèlè bá ti dé ọ̀nà ọ̀fun, yóò dúró síbẹ̀. Omi pàápàá ń há. Aṣọ ń bọ́ nídìí mi. Dókítà fi iná wo ọ̀fun, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní òun kò rí egbò, òun kò rí kókó. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ń febi pa ara mi. Dókítà ní irọ́ ni, pé ara mi kò purọ́, ẹ̀rù ló há sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ràímì obìnrin, Sàfúrà, wá láti Tré, abúlé kan lẹ́bàá Dásà. Gbogbo ènìyàn ló ti ń yẹra fún ọ̀rọ̀ Ràímì, òun nìkan ló jókòó tì mí.

"Ìyàwó, níbo lo ti rí àbúrò mi kẹ́yìn?"

Mo sọ ọ́ fún un, látorí gàárì dé orí ìdì aṣọ. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó sunkún, èmi náà sunkún. Lọ́jọ́ kejì mo mu ẹ̀kọ ṣíbí díẹ̀, ó sì gba ọ̀fun mi kọjá. Ó pẹ́ kí n tó lè jẹ iyán.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àlùfáà béèrè bóyá kí àwọn kírun òkú sí Ràímì lára. Sàfúrà yíjú wò mí.

Mo ní, "Ẹ kírun náà."

A kò ní sàréè tí a lè bẹ̀ wò. Bí ẹ́ńjìnnì alùpùpù bá dún gbàù bí ìbọn ní títì báyìí, ọ̀fun mi ṣì máa ń dí. Màá gbé oúnjẹ sílẹ̀. Sàfúrà á gbọ́wọ́ lé mi lẹ́yìn títí ọ̀fun náà yóò fi là.