Ẹrẹ̀ tí Mo Fi Lé Ògiri Gbọ̀ngàn Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń pe gbọ̀ngàn eré wa ní ilé àtijọ́. Ọwọ́ àwa ọmọbìnrin àti àwọn ìyá wa ni ìtọ́jú rẹ̀ wà. Bí ọyẹ́ bá ti ń la ètè wa, tí àwọn eléré ò ní pẹ́ dé, a ó lọ kó ìgbẹ́ màlúù ní gáà Fúlàní, a ó pò ó mọ́ amọ̀, a ó da omi èèpo irúgbá sí i, a ó sì fi rẹ́ ògiri. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní gbàgbé bí omi yẹn ṣe máa ń mú kí èékánná ẹni pọ́n bíi ti ìyàwó tó lé làálì. Ẹni tó bá ń fi ẹrẹ̀ ṣeré yóò kúnlẹ̀, yóò nawọ́ sókè títí apá rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n. Tí iṣẹ́ bá parí, wọn a fún wa ní ẹ̀kọ tútù àti wàrà díndín. Èmi a máa fi wàrà tèmi wé ti ẹlòmíì kí n tó jẹ ẹ́.

Bí mo ṣe máa ń fura nìyẹn. Ọba kan kú nínú eré lọ́dún kan, mi ò gbà pé eré ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yọ́ lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn láti wá ibi tí wọ́n sin ín sí. Mo bá kábíyèsí lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń run orín.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti jogún ìwà náà. Bí ògiri bá sán, ìyá mi kì í kàn rẹ́ ẹ bò. Yóò kọ́kọ́ fi ìṣù ẹrẹ̀ kan lé ojú ibi tó sán, yóò jẹ́ kó gbẹ, yóò sì máa ṣọ́ ọ. Bí ẹrẹ̀ náà bá wà bẹ́ẹ̀, kò séwu. Bó bá là sí méjì, ògiri ṣì ń yẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ràmátù, má wo ẹnu ẹnikẹ́ni, ẹrẹ̀ ni kó o wò."

Lọ́dún yìí ni ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú dé, wọ́n ní gbọ̀ngàn fẹ́ wó lu èèyàn, kí á wó o, kí á kọ́ ti ìgbàlódé sẹ́yìn ìlú, lọ́nà Adó-Àwáyè. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ gbọ̀ngàn wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ṣe? Wọn ò sọ. Alága wọn, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, wá bá mi nílé pé kí n bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gbà.

"Màmá Ràfíù, ẹ̀rọ amúlétutù ló máa wà níbẹ̀."

"Bí iná bá lọ ńkọ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ á wà, mà."

"Fèrèsé ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ibi tó sán tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mo sọ fún gbogbo obìnrin àdúgbò pé ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọjà ni wọ́n ń wá, pé màá tú àṣírí wọn nípàdé tí ìgbìmọ̀ pe gbogbo ìlú sí. Kí ọ̀rọ̀ mi lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo po ẹrẹ̀, mo fi lé ojú ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo lọ wò ó. Ẹrẹ̀ ti là sí méjì, ìka mi wọ àárín rẹ̀. Ó dùn mí débi pé mo sunkún. Látìgbà tí wọ́n ti fi símẹ́ǹtì bo ìta ògiri yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tún fi ẹrẹ̀ rẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo dìde nípàdé, àwọn obìnrin ti ń múra àtipàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ wó o. Mo ti fi ẹrẹ̀ dán an wò."

Àwọn obìnrin sọ ọwọ́ kalẹ̀. Alága ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ojú ibi tó wà gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́ tuntun sí."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn máa rò ó.

Láyé ìgbà yẹn, ẹrẹ̀ kì í tán lọ́wọ́ wa lásìkò ọyẹ́, gbọ̀ngàn náà sì dúró. Ọwọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ́ tónítóní, àwa ìyá wọn náà ò sì fẹ́ dọ̀tí mọ́. Mo ti gbé àga mi lọ síwájú gbọ̀ngàn báyìí. Ràfíù ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ nílé, oòrùn ti mú. Mo ní kó máa gbé ẹ̀kọ mi wá bá mi níbẹ̀ títí ìpìlẹ̀ tuntun yóò fi yọ lórí ilẹ̀ yẹn.