Sàárì Ọjọ́ Àyẹ̀wò Ìtọ̀

Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ n'Íbàdàn, àtọ̀gbẹ ti pẹ́ lára baba mi. Egbò wá yọ sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì jinná. Ahunṣọ ni ní Bẹyẹrúnkà, ìka yẹn gan-an ló sì fi ń tẹ òfì. Bí ìka bá lọ, iṣẹ́ lọ.

Dókítà òyìnbó ní kí a padà wá ní ọjọ́ Ajé, kí baba má fi nǹkan kan ẹnu láàárọ̀, kí òun lè yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí ṣúgà bá ṣì pọ̀ níbẹ̀, òun á gé ìka náà.

Gbogbo agbo ilé gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ebi ló dùn wọ́n jù.

"Ẹni tí kò ní jẹun títí oòrùn á fi mú, ṣé kò ní jẹ sàárì ni?" ni ìyá mi wí. "Àbí òyìnbó ò mọ̀ pé Mùsùlùmí ni wá?"

Kí ilẹ̀ tó mọ́, odó ti ń dún. Ìyàwó àbúrò baba mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé, ó da oyin sí i. Ohun tó sọ fún mi rèé: "Kí ẹsẹ̀ wọn lè gbé wọn dé ọ̀hún ni." Baba jẹ iyán, ó mu ẹ̀kọ. Wọ́n pe ìrun àsùbáà, ó fọ ẹnu, ó dẹ́kun jíjẹ àti mímu. Títí èmi ọmọ rẹ̀ fi sìn ín kọjá Mápó, kò gbé itọ́ mì.

Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ bí a ti dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi wá sórí bẹ́ǹṣì.

Obìnrin kan bi í pé, "Baba, kí ló ń ṣe yín?"

"Ebi."

Dókítà dé níkẹyìn, ó ṣì ń nu bọ́tà kúrò ní irùngbọ̀n. Ó da oògùn tó dúdú bí aró sínú ìtọ̀, ó gbé e lé iná. Ìtọ̀ náà pọ́n bí osùn, àmì pé ṣúgà kún inú rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n lọ se ọ̀bẹ nínú omi.

Baba di ìka rẹ̀ mú. "Ògbifọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé láti àsùbáà n ò jẹ nǹkan kan."

"Ṣáájú àsùbáà ńkọ́?" ni ògbifọ̀ bi í.

"Sàárì ni mo jẹ. Iyán, pẹ̀lú ẹ̀kọ olóyin. Ta ní ń gba ààwẹ̀ láìjẹ sàárì?"

Ògbifọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Dókítà ní kó tún un túmọ̀. Ó wá fa àga, ó jókòó, ó sì béèrè ohun tí baba mi máa ń jẹ. Láti ọjọ́ tí a ti ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kò bi wá rí. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ padà. Oyin di èèwọ̀, iyán di ìwọ̀nba, kí baba sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láìjẹ sàárì kankan.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìtọ̀ náà kò pọ́n mọ́. Àwọ̀ ewé ló ní. Dókítà ní ìka ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

"Ṣé ẹ wá rí i?" ni ìyá mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa. "Sàárì tí mo sè yẹn ló gba ìka wọn là."

Baba mi ti ki ẹsẹ̀ bọ òfì, ó ń fi ìka náà tẹ̀ ẹ́.