Ojú Tó Wà Láàárín Òdòdó Ìsìnkú

Bí ẹ bá dé Mafoluku tí ẹ béèrè aránṣọ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé, Àjíbíkẹ́ ni wọn yóò júwe fún yín. Ìyá Táyọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Táyọ̀ nìkan ló bí. Ọmọ náà di sójà, wọ́n gbé e lọ sí Bọ̀rnó, àwọn agbébọn pa á lójú ogun. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ìyá rẹ̀ kò fojú kan ibojì rẹ̀ títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àyájọ́ ìrántí àwọn ológun fi wọ̀ ọ́ lára nígbà tí Fàtáì, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní lọ́dún yìí àdúgbò náà yóò ṣe tiwọn ní pápá kan n'Ísọlọ̀, Ọnọ́rébù kan ló gbé ìnáwó ẹ̀.

"Ìyá Táyọ̀, ẹ fún wa ní fọ́tò ọmọ yín. Àárín òdòdó ìsìnkú tí wọ́n máa gbé kalẹ̀ la máa fi sí."

Àjíbíkẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. "Fàtáì, ṣé o máa ṣe é? Mi ò tọrọ ìrẹsì lọ́wọ́ yín o. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ikú tí kò bọ̀, ẹni tó rán an ló yẹ kó dárúkọ ẹ̀ níta gbangba. Tí wọn ò bá dárúkọ ẹ̀, ta ló máa jẹ́ ìpè wọn lọ́la?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Àjíbíkẹ́ kò purọ́. Orílẹ̀-èdè tó bá ń ná ọmọ ọlọ́mọ, ó kéré tán kó mọ orúkọ ohun tó ná.

Lọ́jọ́ náà, òun àti Hassanat aládùúgbò rẹ̀ jọ lọ. Wọ́n gbé òdòdó ìsìnkú róbótó náà sórí tábìlì. Àjíbíkẹ́ wò ó, ó tún un wò. Ojú Ọnọ́rébù ló wà láàárín, tòun ti fìlà, tòun ti ẹ̀rín. Fọ́tò Táyọ̀ wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, wọ́n gbé kúlà omi lé e lórí.

"Fàtáì, kí lèyí?"

"Mà, àwọn tó ń tẹ bánà ló ṣe é. Ẹni tó bá sanwó nǹkan, ojú ẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ti korobá tí wọ́n ń pín níbi ayẹyẹ náà nìyẹn."

Òdòdó ìsìnkú kì í kúkú ṣe korobá. Ní Èkó yìí, ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bá wà láàárín rẹ̀, òkú ni. Ìyá àgbà kan tó ń kọjá lọ káwọ́ lérí.

"Háà, ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà wo ló kú? Ṣebí ó pín fìlà fún wa lóṣù tó kọjá."

"Ikú ò mọ ẹni tó ń pín fìlà, màmá," ni Hassanat dá a lóhùn, ó sì fi ìborùn bo ẹnu.

Ni Ọnọ́rébù bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bó ṣe rí ojú ara rẹ̀, òógùn bò ó. "Ta ló fẹ́ pa mí?" Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa fọ́tò náà ya.

Fàtáì sáré gbé kúlà kúrò, ó nu Táyọ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ìyá Táyọ̀, ó ti bọ́ sí i fún yín. Ẹ jẹ́ ká tètè fi ti ọmọ yín sí i, kámẹ́rà ń dúró."

Àjíbíkẹ́ gba fọ́tò náà. Ohun tó ń fẹ́ látìgbà tí ọmọ ti lọ ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò fi í sáàárín òdòdó náà.

"Ibi tí alààyè sá kúrò nítorí ikú, ibẹ̀ lẹ fẹ́ ki ọmọ mi bọ̀? Ọnọ́rébù, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ẹ̀?"

Ọnọ́rébù wo Fàtáì. Ọ̀dọ̀ oníkámẹ́rà ni Fàtáì kọjú sí.

"Akíkanjú ni, màmá. Akíkanjú ni gbogbo wọn."

"Ẹ ṣeun, sà."

Àjíbíkẹ́ fi ìborùn rẹ̀ wé fọ́tò náà, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó sì kọrí sí Mafoluku, Hassanat ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn, wọ́n gbé òdòdó náà kalẹ̀ pẹ̀lú ihò gbàgà láàárín rẹ̀, Ọnọ́rébù sì tẹrí ba fún kámẹ́rà.