Ẹ̀rín Tí Bàbá Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Slovenia ni bàbá náà ti wá, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù. Òun fúnra rẹ̀ ní téèyàn bá gbé ife tíì lé máàpù, ó ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwòrán inú ìwé ọmọdé àti àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ yà. Imú mínísítà tó ti sọ di ìbẹ́pẹ kò lóǹkà. Nígbà tó darúgbó, ó rí àwòrán tí èmi náà ń yà lórí fóònù, ó sì wá gba yàrá nílé wa ní Lafíàjì láti ya ojú àwọn ará Èkó.

Kì í ya ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín. Ó ní inú ẹ̀rín lojú ti ń tú àṣírí ara rẹ̀. Tó bá yà ọ́ tán, á lẹ̀ ọ́ mọ́ ògiri àdúgbò rẹ kí àwọn èèyàn wò ó bóyá wọ́n á mọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú wọn nìyẹn.

Ọ̀gá aláàárù kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, olórí àwọn tó ń ru iṣu ní Èbúté Èrò. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ méjèèjì a dì pátápátá. Bàbá yà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ sọ́jà, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri agbo ilé ọkùnrin náà.

Ògiri yẹn, òkú là ń lẹ̀ mọ́ ọn: fọ́tò olóògbé, ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ fídáù. Ọmọ ọwọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ ọ́n. Ìyá ọ̀gá aláàárù jáde láti ra àkàrà, ó rí ọmọ rẹ̀ lójú dídì láàárín àwọn olóògbé. Ó ké, ó ṣubú, orí rẹ̀ sì fọ́ mọ́ pèpéle.

Ìdí iṣu ni mo wà ní Èbúté Èrò nígbà tí wọ́n pe ọ̀gá náà lórí fóònù pé òyìnbó kan ti lẹ ikú rẹ̀ mọ́ ògiri. A jọ sáré ni. Kí a tó dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi apákó lu bàbá débi pé ẹ̀jẹ̀ ti bò ó lójú.

"Ẹ má pa á! Kò mọ̀ ni!" Mo kígbe títí. Ẹnì kan gbá mi létí. Inú bí mi, mo gé e lọ́wọ́ jẹ.

Ọ̀gá aláàárù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. "Oyinbo, na which hand you take draw me?"

Bàbá rò pé ìbéèrè lásán ni. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ ọ̀hún lé etí gọ́tà, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ títí a fi gbọ́ tí egungun ṣẹ́.

Ìyá náà ti jókòó, aṣọ wà lórí ọgbẹ́ rẹ̀. "Ó tó. Ẹ ní kó la ojú ọmọ mi kó tó lọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá wọn là á. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe."

"Ẹni tó dì í ni kó là á."

Wọ́n gbé e dìde. Bírò ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìborùn mi so ó mọ́ ìka rẹ̀. Ó ń sunkún ní èdè tí n kò gbọ́. Ó la ojú kan, ó la èkejì. Àwòrán náà wá ranjú mọ́ wa, ẹnu rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Mo kórìíra gbogbo wọn.

Ìyá náà fọwọ́ kan àwòrán náà. "Alhamdulilahi, ó ti jọ ọmọ mi báyìí." Ó wọlé.

Àwọn dókítà kò rí ọwọ́ yẹn tún tò. Ojú méjèèjì yẹn ló yà kẹ́yìn.