Owó Obì Tí Ìyàwó Mi Dì

Èèpo gbàǹja tó ti rà nínú omi ní òórùn kan tí kì í tètè kúrò lára aṣọ. Títí di òní, bí mo bá gba Sábó kọjá ní Ṣàgámù, òórùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi, inú mi a sì bàjẹ́ kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Nígbà náà, èmi ni olórí àwọn tó ń di obì sínú agbọ̀n ní ìsọ̀ Alhaji kan. Àwọn obìnrin a máa bó èèpo, wọn a ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Àwa ọkùnrin a fi ewé tẹ́ agbọ̀n, a to obì sí i, a sì rán ẹnu rẹ̀ pa fún ọkọ̀ Òkè Ọya. Owó ojúmọ́ tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tiwọn. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí.

Nígbà tí ọ̀kan nínú wa ṣàìsàn, ìyàwó mi dìde láàárín àwọn abóbì, ó bọ́ sí àyè rẹ̀. Ní Ìlárá, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ló ti kọ́ obì dídì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi dì í. Ewé rẹ̀ kì í ya, iye agbọ̀n rẹ̀ kò sì dín sí tiwa. Síbẹ̀, owó abóbì ni wọ́n ń fún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ bá Alhaji lójú gbogbo wa. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tí mo ṣe ni kí ẹ san owó rẹ̀ fún mi."

Ọ̀kan nínú àwọn adìbì ké sí i: "Ìyàwó olórí, ẹ wọ ṣòkòtò wá lọ́la ná!" Ẹ̀rín gba ìsọ̀ kan. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi.

"Olórí, ìwọ lo mọ iṣẹ́. Ṣé iṣẹ́ yín ló ń ṣe?"

Bẹ́ẹ̀ ni ló yẹ kí n wí. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọkùnrin yẹn ni mo ń wò, kí wọ́n má lọ sọ pé ìyàwó ló ń darí mi. Mo ní, "Ìyàwó mi ni, sà. Ó kàn ń ràn mí lọ́wọ́ ni."

Ìyàwó mi wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọn ewé kúrò lára ìró rẹ̀, ó gba owó abóbì, ó kọrí sílé. Nígbà tí mo délé, ó gbé oúnjẹ síwájú mi. "Bàbá Títí, nígbà tí ẹ̀ ń sùn lábẹ́ igi lọ́sàn-án, ta ni mo ń ràn lọ́wọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, ó padà sídìí èèpo, kò sì fọwọ́ kan agbọ̀n mọ́ títí ó fi kú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń di ẹ̀bi yẹn ru Alhaji. Ṣùgbọ́n Alhaji béèrè. Èmi tí mo mọ bí ọwọ́ ìyàwó mi ti dára tó, tí mo ń jẹ nínú ohun tó ń mú wálé, èmi ni mo sọ pé kì í ṣe iṣẹ́. N kò sì bẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà láyé. Mo rò pé ó ti gbàgbé.